Training Day: Ìdáhùn sí Àwọn Ìbéèrè Tí Ẹ Ń Béèrè Jù Lórí Fíìmù Náà

Àwọn ìbéèrè kan náà ló ń wá ní gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ fíìmù yìí bá ti délẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi kó wọn jọ sójú kan. Ẹni tí kò bá tíì wò ó, kó mọ̀ pé gbogbo àṣírí ìtàn náà ni mo tú síbí, títí dé ìparí.

Fíìmù wo ni Training Day, ta ló sì ṣe é?

Fíìmù Amẹ́ríkà lórí ọlọ́pàá àti ọ̀daràn ni, ó jáde ní sinimá lóṣù kẹwàá ọdún 2001. Antoine Fuqua ló darí rẹ̀, David Ayer ló kọ ìtàn. Denzel Washington ni Alonzo Harris, ògbólógbòó ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ń gbógun ti oògùn olóró ní Los Angeles. Ethan Hawke ni Jake Hoyt, ọlọ́pàá kékeré tó ń wá ọ̀nà láti wọ ikọ̀ Alonzo. Ó gùn ju wákàtí méjì lọ díẹ̀.

Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ti fẹ́ gbé e jáde, àmọ́ ìkọlù tó ṣẹlẹ̀ ní New York àti Washington lóṣù yẹn mú kí wọ́n sún un sí ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 45 dọ́là ni wọ́n ná lé e lórí, ó sì pa ju mílíọ̀nù 100 lọ káàkiri àgbáyé.

Ní ṣókí, kí ló ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀?

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀, láti àárọ̀ títí di òru. Ọjọ́ ìdánwò Jake ni. Bó bá wu Alonzo, Jake á di ọmọ ikọ̀ rẹ̀; bí kò bá wù ú, á padà sídìí iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Bí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣe ń lọ ni Jake ń rí i pé ọ̀gá tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ń jalè, ó ń lu èèyàn, ó ń wọlé onílé láìgba àṣẹ, ó sì ń pààyàn. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, ó ti hàn sí i pé òun alára wà lára ètò tí ọ̀gá náà ti ṣe sílẹ̀ kí òun tó jí.

Àwọn wo ni mo tún lè dá mọ̀ nínú rẹ̀?

Àwọn olórin wà níbẹ̀. Snoop Dogg ni Blue, ọ̀gbẹ́ni tó ń ta oògùn lórí àga onítáyà. Dr. Dre wà nínú ikọ̀ Alonzo. Macy Gray ni ìyàwó Sandman, ọ̀gbẹ́ni mìíràn tó ń ta oògùn. Eva Mendes ni Sara, àlè tó bímọ fún Alonzo, Scott Glenn sì ni Roger, ọlọ́pàá àtijọ́ tó ń ta oògùn. Ẹni tó ṣe ọmọ ìta tó ń jẹ́ Smiley, Cliff Curtis, ọmọ Māori láti New Zealand ni, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé ọmọ àwọn ará Mẹ́síkò ní Los Angeles ni.

Ṣé a lè wò ó pẹ̀lú àwọn ọmọ?

Rárá o. Èébú kún inú rẹ̀ bámúbámú, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, ibì kan sì wà tí àwọn ọkùnrin méjì ti fẹ́ fipá bá ọmọdébìnrin lò pọ̀. Àgbàlagbà ni wọ́n ṣe é fún.

Àmì ẹ̀yẹ wo ló gbà?

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 2002, Denzel gba Oscar òṣèré ọkùnrin tó dára jù lọ. Òun ni ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kejì tó gba irú rẹ̀. Sidney Poitier ló kọ́kọ́ gbà á, fún fíìmù kan tó jáde ní 1963, àwọn Oscar sì fún Poitier fúnra rẹ̀ ní àmì ẹ̀yẹ àgbà lálẹ́ ọjọ́ kan náà yẹn. Alẹ́ yẹn kan náà ni Halle Berry di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba ti òṣèré obìnrin tó dára jù. Wọ́n dárúkọ Ethan Hawke náà fún ipa amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́, àmọ́ Jim Broadbent ló gbà á lọ.

Mo gbà pé wọn ò ṣe ojúsàájú fún Denzel. Ẹ wo ojú rẹ̀ ní ilé oúnjẹ láàárọ̀, níbi tó ti ń ka ìwé ìròyìn tí Jake ń dá ọ̀rọ̀ sọ. Kò tíì ṣe nǹkan kan, síbẹ̀ ara ẹni tó ń wò ó kò ní í balẹ̀.

Wọ́n tún ṣe é fún tẹlifíṣọ̀n, àbí?

Bẹ́ẹ̀ ni, ní 2017, pẹ̀lú àwọn ẹ̀dá ìtàn mìíràn. Bill Paxton ló ṣe ọ̀gá ọlọ́pàá níbẹ̀, ó sì kú lóṣù kejì ọdún yẹn kan náà. Ètò náà kò kọjá sáà kan. Kò dọ́gba pẹ̀lú fíìmù yìí rárá.

Ibo ni wọ́n ti ya á?

Nínú àwọn àdúgbò Los Angeles gan-an ni. Wọ́n yà lára rẹ̀ ní Imperial Courts ní Watts, àti ní Baldwin Village, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Jungle. Fuqua lọ bá àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìta tó ni àdúgbò sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbé kámẹ́rà wọlé, díẹ̀ lára wọn sì fara hàn nínú fíìmù. Ọ̀gbẹ́ni Cle Sloan tó bá a ṣe alágbàsọ náà ló ṣe Bone, géńdé tó dojú kọ Alonzo níparí.

Ìdí nìyí tí ojú àwọn èèyàn tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà fi rí bó ṣe rí. Wọn kì í ṣe èrò tí wọ́n háyà láti ibòmíràn. Ọlọ́pàá ti ń wọ àdúgbò wọn lọ́nà bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Gbèsè wo ni Alonzo jẹ àwọn ará Rọ́ṣíà?

Ó lu ọkùnrin kan pa ní Las Vegas, kò mọ̀ pé èèyàn àwọn ọ̀daràn ńlá ni. Wọ́n ní kó san mílíọ̀nù kan dọ́là, bí kò bá rí i san títí di ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ náà, wọ́n á pa á. Ẹ̀yìn tí fíìmù ti rìn jìnnà ni Smiley tó sọ ọ́ fún Jake lórí tábìlì tí wọ́n ti ń ta káàdì.

Tí ẹ bá ti mọ èyí, ẹ padà lọ wo àárọ̀ ọjọ́ náà. Gbogbo ibi tí Alonzo mú Jake dé, owó ló wà nídìí rẹ̀, àyàfi ibi tí Jake fúnra rẹ̀ ní kó dúró.

Ṣé ìtàn tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni?

Alonzo àti Jake kò sí láyé. David Ayer ló dá wọn. South Central ní Los Angeles ló ti lo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ohun tó rí tó sì gbọ́ ládùúgbò yẹn ló kọ, àárín àwọn ọdún 1990 ló sì ti kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé ọ̀ràn Rampart ló wò kọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtàn náà ti wà nílẹ̀ kí ọ̀ràn yẹn tó bẹ́ síta.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bẹ́ síta, ṣe ló dà bíi pé àwọn ọlọ́pàá náà ló wo ìwé Ayer ṣe é. Rampart jẹ́ àgọ́ ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ agbègbè kan ní ìwọ̀ oòrùn àárín gbùngbùn ìlú. Ikọ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CRASH, iṣẹ́ wọn ni láti kápá àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìta. Ní 1998 wọ́n mú Rafael Pérez, ọ̀kan lára wọn, pé ó jí kokéènì kó níbi tí ọlọ́pàá ń kó ẹ̀rí pamọ́ sí. Ní 1999 ó gbà pé òun jẹ̀bi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka bòròbòrò kí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè fúyẹ́.

Ohun tó sọ bani lẹ́rù. Ní 1996, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ yìnbọn lu ọ̀dọ́kùnrin kan tí kò mú ohun ìjà lọ́wọ́, wọ́n wá gbé ìbọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó lè dà bíi pé òun ló kọ́kọ́ kọjú ìjà sí wọn. Ọmọ náà rọ láti ìbàdí lọ sílẹ̀. Kóòtù tún sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 23, nítorí ẹ̀rí àwọn ọlọ́pàá tó yìnbọn lù ú ni adájọ́ gbà. Ìgbà tí Pérez sọ̀rọ̀ ni wọ́n tó dá a sílẹ̀, ìlú Los Angeles sì san mílíọ̀nù 15 dọ́là fún un. Ó ju ọgọ́rùn-ún ẹjọ́ lọ tí wọ́n fagi lé lẹ́yìn náà. Ọdún 2001 tí fíìmù yìí jáde gan-an ni iléeṣẹ́ ọlọ́pàá Los Angeles bọ́ sábẹ́ àbójútó kóòtù ìjọba àpapọ̀, wọn ò sì bọ́ lábẹ́ rẹ̀ pátápátá títí di 2013.

Kí nìdí tí Alonzo fi fi ìbọn mú Jake fa igbó?

Jake ti kọ́kọ́ kọ̀. Alonzo dá mọ́tò dúró sáàárín oríta, àwọn ọkọ̀ ń fọn fèrè lẹ́yìn, ó yọ ìbọn sí i. Ó ní ká ní ẹni tó ń ta oògùn ló fi lọ̀ ọ́ lójú pópó, tó sì kọ̀ báyìí, òkú ni. Àwíjàre náà bọ́gbọ́n mu létí ẹni tó ń fẹ́ iṣẹ́. Jake fà á. Ẹ̀yìn tó fà á tán ni Alonzo tó sọ fún un pé PCP, oògùn olóró kan tó le gan-an, wà nínú rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni ìdí rẹ̀ tó hàn. Wọ́n ti pa Roger, Jake kọ̀ láti bá wọn purọ́, Alonzo wá rán an létí pé bí ọlọ́pàá bá ti yìnbọn pààyàn, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Kí ni wọ́n máa bá lára Jake? Ta ló máa gba ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá tí oògùn wà lára rẹ̀ gbọ́? Láti òwúrọ̀ ni wọ́n ti so okùn mọ́ ọn lọ́rùn, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á. Ẹ wo ibi oríta yẹn lẹ́ẹ̀kejì, kì í ṣe ìbínú ló mú Alonzo yọ ìbọn. Iṣẹ́ ló wà lẹ́nu rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe wọ ilé Sandman láìní ìwé àṣẹ adájọ́?

Òfin Amẹ́ríkà sọ pé ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ ṣàdédé wá ilé onílé wò. Adájọ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé tó dárúkọ ibi tí wọ́n fẹ́ wò àti ohun tí wọ́n ń wá. Alonzo fi ìwé kan han ìyàwó Sandman lójú fìrí, ó ju Jake sí pálọ̀ pẹ̀lú obìnrin náà àti ọmọdékùnrin kan, òun wọ yàrá lọ. Ìgbà tí wọ́n ti jáde ni obìnrin náà wo ìwé ọ̀hún dáadáa: ìwé tí ilé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà fi ń kọ orúkọ oúnjẹ àti iye owó rẹ̀ ni. Ó fariwo ta, ìbọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún tẹ̀lé wọn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fojú sí ni owó tí Alonzo jí nínú yàrá yẹn. Owó yẹn ló gbé lọ fún àwọn ọ̀gá, òun ló sì fi ra ìwé àṣẹ tòótọ́ tí wọ́n fi wọ ilé Roger. Ìwé ayédèrú ló bí owó, owó ló ra ìwé gidi. Nígbà tí Jake bá rí ìwé tó ní òǹtẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín rẹ̀ àti ti ilé oúnjẹ mọ́.

Ta ni àwọn "Ọlọ́gbọ́n Mẹ́ta" tí Alonzo bá jẹun?

Àgbà ni wọ́n nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá àti nínú ọ́fíìsì tó ń pe ọ̀daràn lẹ́jọ́. Wọ́n jókòó sílé oúnjẹ olówó ńlá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín lórí ìtàn ọ̀daràn kan tó fi bọ́tà ẹ̀pà ṣe wèrè níwájú adájọ́ kí wọ́n má bàa sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Wọ́n gba Alonzo nímọ̀ràn kó tètè bá ọkọ̀ òfuurufú lọ. Ó ní òun á rí owó náà. Wọ́n béèrè 40,000 dọ́là, wọ́n fún un ní ìwé àṣẹ, ó tán.

Lójú tèmi, ibí yìí ni fíìmù ti sọ ọ̀rọ̀ tó wúwo jù, bẹ́ẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Bí kò bá sí ibí yìí, ẹ̀ẹ́ máa rò pé ẹnì kan ṣoṣo ló bàjẹ́, tó bá ti kú, ilé ti mọ́. Àwọn mẹ́ta yìí kò yìnbọn, wọn kò lu ẹnikẹ́ni, kò sì sóhun tó ṣe wọ́n nígbà tí fíìmù parí. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń wo Jake náà. Wọn ò bá a sọ ọ̀rọ̀ gidi kan. Alonzo ní kó lọ jókòó síbòmíràn, ó sì lọ.

Kí nìdí tí Alonzo fi pa Roger, ṣebí ọ̀rẹ́ ni wọ́n?

Roger ti ṣe ọlọ́pàá rí kó tó di ẹni tó ń ta oògùn. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Alonzo mu ọtí nílé rẹ̀, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, Roger pa àlọ́ ìgbín kan fún Jake. Nírọ̀lẹ́, Alonzo padà wá pẹ̀lú ikọ̀ rẹ̀, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ilé náà, wọ́n hú owó mílíọ̀nù mílíọ̀nù jáde. Roger mọ ohun tó pọ̀ jù nípa Alonzo, kò sì lè wà láàyè kó máa wo owó rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Alonzo ní kí Jake yìnbọn náà. Bí Jake bá yìn ín, ó ti di tiwọn títí ayé. Jake kọ̀, Alonzo yìn ín fúnra rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé Jake ló ṣe é, wọ́n á sì sọ ọ́ di akọni. Nígbà tí Jake sọ pé ọ̀rẹ́ rẹ ni ọkùnrin yìí, Alonzo dá a lóhùn pé ẹni tó ń ta oògùn fún ọmọ ọlọ́mọ ni. Òótọ́ ni. Ohun tó ń dani láàmú nípa Alonzo nìyẹn: ó máa ń rí òótọ́ kan fi bo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ṣé pọ́ọ̀sì ọmọdébìnrin tó gba Jake là kò ti fi ọ̀rọ̀ ṣe orí ire jù?

Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n wá ni. Jake gba ọmọ náà lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin méjì lọ́sàn-án, ó ṣa pọ́ọ̀sì rẹ̀ nílẹ̀. Lálẹ́, ilé ìbátan ọmọ yẹn gan-an ni Alonzo gbé e lọ kí wọ́n pa á. Nínú ìlú tó tóbi tó Los Angeles! Mo gbà pé ó ṣòro láti gbé mì. Ṣùgbọ́n Ayer ti fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀: ọmọ náà ti pariwo lójú ọ̀nà yẹn pé àwọn ìbátan òun á gbẹ̀san, ó sì dárúkọ ibi tí wọ́n wà. Àwa Yorùbá sì ti máa ń sọ pé oore kì í gbé.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ibẹ̀ yàtọ̀ síyẹn. Wọ́n ti wọ́ Jake sínú ibi ìwẹ̀, ìbọn ti wà lójú rẹ̀, wọ́n bá pọ́ọ̀sì náà lára rẹ̀, ó ń ké pé òun ló gba ọmọ náà là. Smiley kò gbà á gbọ́, kò sì pa á. Ó gbé fóònù, ó pe ọmọ náà, ó fara balẹ̀ bi í léèrè, ó gbọ́ ìdáhùn, ó wá jẹ́ kí Jake máa lọ. Ní gbogbo ọjọ́ yẹn, àwọn ọmọ ìta yìí nìkan ló ṣe ìwádìí kí wọ́n tó dájọ́. Lẹ́yìn náà Smiley sọ fún un pé iṣẹ́ lásán ni, kó má bínú.

Kí nìdí tí àwọn ará Jungle kò fi gbè sẹ́yìn Alonzo?

Nítorí pé wọ́n mọ̀ ọ́n. Ó rò pé òun ni ọba wọn. Ó ṣèlérí owó fún ẹni tó bá lè bá òun yìnbọn lu Jake, kò sẹ́ni tó mira. Bone gbé ìbọn sílẹ̀, ó ní kí Alonzo fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀, ó sì ní kí Jake máa lọ. Ìgbà yẹn ni Alonzo bẹ̀rẹ̀ sí í ké, tó ń halẹ̀ pé ẹ̀wọ̀n lòun á kó gbogbo wọn lọ, tó fi ara rẹ̀ wé King Kong. Denzel ló ṣẹ̀dá gbólóhùn King Kong yẹn lójú ẹsẹ̀, kò sí nínú ìwé eré.

Ẹ fiyè sí i pé àwọn èèyàn yìí kò gbèjà Jake nítorí pé wọ́n fẹ́ràn ọlọ́pàá. Wọ́n kàn yọwọ́ ni. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun.

Ṣé kò sí òótọ́ kankan nínú ohun tí Alonzo ń sọ?

Ó wà, ìyẹn ló jẹ́ kí fíìmù náà wúlò. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé ẹni tó fẹ́ dáàbò bo àgùntàn gbọ́dọ̀ mú ìkookò, ìkookò ló sì lè mú ìkookò. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Kò sí bí ẹni tí kò mọ bí ọ̀daràn ṣe ń ronú ṣe lè mú wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ẹ̀wọ̀n ló ní àwọn adájọ́ ti pín fún àwọn tí òun mú, kò sì sẹ́ni tó já a nírọ́. Jake náà mọ̀ pé ọkùnrin yìí gbọ́n ju òun lọ, òun ló ṣe fara mọ́ ọn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ẹ ka ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ìwà ọ̀daràn kan ṣoṣo ló wà tí ẹnì kan wà nínú ewu níbẹ̀, tí ọlọ́pàá sì lè dá dúró lójú ẹsẹ̀: ti ọmọdébìnrin yẹn. Jake ló fò sílẹ̀. Alonzo wà lẹ́yìn, ó ń wòran. Lẹ́yìn tí Jake ti ṣẹ́gun wọn, Alonzo lù wọ́n, ó halẹ̀ mọ́ wọn, ó sì ní kí wọ́n máa lọ, pé ìgboro á dá ẹjọ́ wọn. Ìkookò tó ní òun ń ṣọ́ àgùntàn, kí ló ṣe nígbà tí àgùntàn ké?

Nítorí náà, èsì mi ni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe irọ́ pátá, ìṣe rẹ̀ ló tú u fó. Ẹni tó bá ń purọ́ ní gbogbo ìgbà kò lè rí ọmọ ẹ̀yìn bíi Jake.

Ọlọ́pàá dúdú ló burú, ọlọ́pàá funfun ló dára. Ṣé èyí kò kù díẹ̀ káàtó?

Àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà béèrè èyí gan-an nígbà tí Denzel gba Oscar: ó ti ṣe àwọn ẹni ńlá tó yẹ ní àpọ́nlé, wọn ò fún un, ìgbà tó ṣe ẹni ibi ni wọ́n wá fún un. Ìrora náà yé mi, mi ò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn Ọlọ́gbọ́n Mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan sí i. Aláwọ̀ funfun ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn ló ń gba owó, àwọn ló ń pín àṣẹ. Alonzo ló ń wọ àdúgbò, òun ló ń fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀, òun náà ló sì kú. Fuqua tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú ló to àwọn èèyàn wọ̀nyẹn jókòó yí tábìlì bẹ́ẹ̀, mi ò sì rò pé ó ṣèèṣì.

Ṣé ọwọ́ Jake mọ́ nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú?

Kò mọ́ tán. Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í pẹ́ kọjá láàárọ̀, kí ó tó kúrò nílé: ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ nípa irú ilé tí àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá ń gbé. Ilé náà wà lọ́kàn rẹ̀ kó tó mọ Alonzo. Lẹ́yìn náà ó fa igbó. Ó jókòó ti obìnrin kan ní pálọ̀ nígbà tí wọ́n ń jí owó rẹ̀. Ó mọ̀ pé wọ́n yìnbọn tẹ̀lé àwọn nítorí olè tí àwọn jà, ó sì tún wọ mọ́tò náà. Bí a bá fi dídùn họ ifọ̀n, a ó họra dé eegun. Kò síbi tí ẹnikẹ́ni ti bi í pé ṣé ó fẹ́ di ọ̀daràn. Ohun kékeré kan ni wọ́n ń bi í nígbà kọ̀ọ̀kan, ó sì ń gbà.

Nígbà tí wọ́n na 250,000 dọ́là sí i, ó kọ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún un níbẹ̀ gidigidi, nítorí gbogbo àwọn tó yí i ká ti gba tiwọn, kíkọ̀ rẹ̀ sì lè pa á. Ẹni tó bá ní Jake kò yàtọ̀ sí Alonzo kò wo fíìmù náà dáadáa. Ẹni tó bá sì ní ó mọ́ bí omi àfòwúrọ̀pọn, òun náà kò wò ó.

Ṣé lóòótọ́ ni pé Denzel ló ní kí Alonzo kú?

Denzel ti sọ fúnra rẹ̀ pé òun kọ ọ̀rọ̀ Bíbélì sára ìwé eré òun, pé ikú ni èrè ẹ̀ṣẹ̀, àti pé òun fẹ́ kí ikú Alonzo burú bí ayé rẹ̀ ṣe burú. Bó ṣe rí nìyẹn. Àwọn ará Rọ́ṣíà dá a lọ́nà lẹ́bàá pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n sì da ọta ìbọn bò ó.

Kí ni ìròyìn tó gbẹ̀yìn túmọ̀ sí, owó náà ńkọ́?

Bí Jake ṣe ń dé ilé, a gbọ́ oníròyìn tó ń kéde pé ọlọ́pàá kan kú lẹ́bàá pápákọ̀ níbi tó ti ń ṣe iṣẹ́ eléwu pẹ̀lú ìwé àṣẹ, pé ó fi ìyàwó àti ọmọkùnrin mẹ́rin sílẹ̀. Irọ́ ni, ẹnì kan nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá ló sì fún wọn. Òkú Alonzo kò tíì tutù tí wọ́n ti sọ ọ́ di akọni. Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún Jake lórí ikú Roger ni wọ́n ṣe fún un.

Ní ti owó, Jake gbà á lọ́wọ́ Alonzo, ó ní ẹ̀rí ni. A kò rí ibi tó ti fi jíṣẹ́. Àwọn kan ní ó gbé e sílé. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀, ẹni tó kọ 250,000 tí ikú wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ní í yí padà ní wákàtí díẹ̀. Ibi tó le wà níwájú rẹ̀. Ta ló máa kó ẹ̀rí náà fún? Àwọn ọ̀gá tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú àwọn tó ta ìwé àṣẹ fún Alonzo, wọ́n sì ti sọ tẹnu wọn fún oníròyìn kí Jake tó délé.